Orúkọ Ìyá Mi Ni Ìbídàpọ̀

Ìbídàpọ̀ ni wọ́n sọ ìyá mi,
nítorí ọmọ Ìdó ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìjerò ni ìyá rẹ̀,
ìdílé méjèèjì sì ti bára wọn ṣẹjọ́ ilẹ̀ fún ogún ọdún
kó tó di pé ọmọ kan ṣoṣo so wọ́n pọ̀.
Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi bẹ̀rù àdàlù.

Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń tọ́jú ní Ìkẹ́rẹ́,
yàrá mẹ́rìnlélógún, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́rin,
lẹ́bàá ibi tí àpáta ti ń gba oòrùn lọ́sàn-án
tó sì ń dá a padà fún wa lóru.

Onílé ní òun ń bọ̀ wá yẹlé wò lọ́jọ́ Jímọ̀.
Ìdọ̀tí kan wà nínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kẹta,
ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí irin tó dógùn-ún.
Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi iyanrìn ha á.
Ó da bílíìṣì sí i, ìdọ̀tí ń wò ó.
Ló bá rántí ìgò kejì,
ásíìdì tí Fásuyì aṣebátìrì bù fún un
nínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò
tí bébà ọsàn ṣì wà lára rẹ̀.

Ó ní, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

Òwe kì í purọ́,
ṣùgbọ́n òwe ò mọ ásíìdì.

Kò dún. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nìyí.
Kò dún bí ìbọn, kò jó bí iná.
Omi méjì tó mọ́ gaara pàdé nínú àwo funfun,
wọ́n hó díẹ̀, bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sínú,
èéfín kan dìde, kò dúdú, kò funfun,
ó rí bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fẹ́ gbẹ.
Ó gòkè díẹ̀, ó rántí pé òun wúwo,
ló bá sọ̀ kalẹ̀ síbi tí ìyá mi lóṣòó sí.
Ó sì ti tìlẹ̀kùn mọ́ra
káwọn ọmọ má baà tẹ ilẹ̀ tútù.

"Umú mi o! Umú mi!"
Bí àyà bá ń jó èèyàn, èdè ilé ló ń sọ.

Ọmọ́yájowó, ọmọ yàrá kọkànlá, ló gbọ́.
Ó sé èémí, ó fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn,
ó wọ́ ọ jáde síta gbangba.
Ọ̀kan gbé epo pupa dé, ọ̀kan gbé mílíìkì.
Nọ́ọ̀sì tó bọ́ lórí ọ̀kadà ní,
"Ẹ gbé epo yín. Ọ̀nà oúnjẹ kọ́ ló gbà wọlé.
Atẹ́gùn ló ń wá.
Ẹ yàgò fún atẹ́gùn."

Ó yè. Ọjọ́ mẹ́fà ní ọsibítù Adó.
Ó bá ikọ́ kan bọ̀ tí kò tíì fi í sílẹ̀.
Òkè tó ń fi ìsáré gùn tòun ti garawa lórí,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń dúró lórí rẹ̀ báyìí,
á ní òun ń wo ojú ọjọ́.

Onílé ò tiẹ̀ wá ní Jímọ̀ ọ̀hún.

Mo ra ọ̀dà pupa. Mo kọ ọ́ sára ìgò méjèèjì:
ÈYÍ KÒ GBỌDỌ̀ RÍ ÈKEJÌ.
Mo gbé ọ̀kan sábẹ́ àtẹ̀gùn, mo gbé ọ̀kan sẹ́yìnkùlé,
kí wọ́n jìnnà síra bí ará Ìdó àti ará Ìjerò
nílé ẹjọ́ àtijọ́.
Ìyá mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́.
Ó ní, "Èmi tí wọ́n bí láti parí ìjà,
ìgò méjì péré ni n ò rí là."

N ò rí èsì fọ̀.
Bébà ọsàn ṣì wà lára ìgò ẹ̀yìnkùlé,
àbúrò mi ọlọ́dún mẹ́rin sì fẹ́ràn ọsàn.
Mo dìde, mo lọ bó o.